Ehoro Ilé àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Tuntun

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣogbo àti ní Iléṣà pé bàbá yóò ra ehoro òyìnbó kan fún ọmọ rẹ̀ ní àkókò ọdún Kérésìmesì, ẹran funfun kékeré tí ojú rẹ̀ pupa, tí ọmọ náà yóò sì máa bá ṣeré nígbà tí ó bá ti ilé-ìwé dé. Ẹni tí ó tà á kò sọ bóyá ó ti wà pẹ̀lú akọ, ẹni tí ó rà á kò sì béèrè. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ kan, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ọmọ náà yóò lọ sí ìdí ilé ehoro rẹ̀, yóò sì bá irun funfun káàkiri bí òwú tí a gbọ̀n. Lábẹ́ irun náà ni yóò ti rí ohun pupa mẹ́fà tàbí méje tí kò ní irun, tí kò lajú, tí ó sì ń mira. Ìyá wọn wà ní igun kejì, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń jẹ koríko bí ẹni pé ọ̀ràn náà kò kàn án.

Láti ìgbà yẹn ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ilé yóò máa wò ó láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọn kì yóò sì rí i kí ó fún àwọn ọmọ ní ọmú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnì kan yóò wí pé ó ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ẹlòmíràn yóò wí pé nítorí pé ọmọdé ti fi ọwọ́ kàn wọ́n ni. Wọn yóò kó àwọn ọmọ náà sínú páálí, wọn yóò fi mílíìkì inú agolo tí a là mọ́ omi bọ́ wọn, kí ọjọ́ mẹ́ta sì tó pé, gbogbo wọn yóò ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá kò kọ ọmọ kankan. Àwọn ènìyàn ni ó kó ọmọ ọlọ́mọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, nítorí pé wọn kò mọ irú ẹran tí wọ́n ní nílé.

Orúkọ ni ó kọ́kọ́ ṣì wọ́n lọ́nà. Ehoro tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa mọ̀, èyí tí ń gbé inú pápá ní apá ọ̀dàn, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ehoro inú ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé etí gígùn ni àwọn méjèèjì ní tí a sì fi orúkọ kan pè wọ́n. Ehoro pápá kì í bí ọmọ sínú ihò. Orí ilẹ̀, lábẹ́ koríko, ni ó ń bí i sí, ọmọ rẹ̀ sì ń wá sáyé pẹ̀lú irun lára àti ojú tí ó là, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi lè sá. Ehoro ilé yàtọ̀. Ilẹ̀ Spéìnì àti ilẹ̀ àwọn Potogí ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, inú ihò tí wọ́n gbẹ́ ni wọ́n sì ń gbé, bí òkété ti ń gbé inú ihò tirẹ̀ ní oko. Nítorí pé inú òkùnkùn ihò ni a ń bí ọmọ rẹ̀ sí, kò nílò irun ní ọjọ́ ìbí, kò nílò ojú, bẹ́ẹ̀ ni kò nílò etí tí ń gbọ́ràn. Gbogbo ìwọ̀nyí ń dàgbà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbí.

Ìyá náà ní ọgbọ́n kan tí ó bá ihò mu. Bí ó bá dúró ti àwọn ọmọ rẹ̀ tọ̀sán tòru, òórùn ara rẹ̀ yóò fi ọ̀nà han àwọn ẹranko tí ń pa ẹran jẹ. Nítorí náà, nígbà tí ó bá bímọ tán, yóò fi erùpẹ̀ dí ẹnu ihò, yóò sì lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́ ni ó ń padà wá, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀méjì, ní òru tàbí ní ìdájí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ni ó fi ń fún wọn ní ọmú, yóò sì tún lọ. Wàrà rẹ̀ ki gan-an. Ọ̀rá inú rẹ̀ àti ohun tí ń mú ara dàgbà tó bí ìlọ́po mẹ́ta ti wàrà màlúù, ìdí nìyí tí ẹ̀ẹ̀kan náà fi tó àwọn ọmọ di ọjọ́ kejì. Ehoro tí a bí sínú ilé onípákó ní Òṣogbo kò tíì gbàgbé ìwà yìí. Kò rí ihò, kò rí erùpẹ̀, síbẹ̀ ó ń ṣe bí ìyá rẹ̀ àtijọ́ ti ṣe, ẹni tí ó bá sì ń sùn ní ìdájí kì yóò rí i lẹ́nu iṣẹ́ náà láéláé.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń sin ẹran yìí ní ilẹ̀ wa àti lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Ní Ghana, ní ọdún 1972, ni Newlove Mamattah dá iṣẹ́ ehoro gbogbo ilẹ̀ náà sílẹ̀, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan lè ní ẹran lẹ́yìn ilé ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ Benin pẹ̀lú, Yunifásítì Abomey-Calavi ní ibùdó kan tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa ehoro. Iye ọmọ tí abo kan ń bí ni ó ń fa ọkàn àwọn ènìyàn mọ́ra. Ṣùgbọ́n iye tí a bí kì í ṣe iye tí ó yè, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣòfò.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ yè gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ kí a tó bí i. Oyún ehoro jẹ́ oṣù kan, ọjọ́ 31. Ó lè dín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó sì lè lé ọ̀kan. Abo ni a ń mú lọ sí ilé akọ, a kì í mú akọ lọ sí ilé abo, nítorí abo a máa jà fún ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an ni kí a fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ìwé ọjọ́. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Èbìbí ni ó lọ sọ́dọ̀ akọ, ọjọ́ 1 oṣù Òkúdù ni kí a máa retí ọmọ, kí àpótí ìtẹ́ sì wọlé ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí. Ẹni tí ó mọ ọwọ́ fi wò lè fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ ní ọjọ́ kejìlá sí ìkẹrìnlá, yóò sì kan àwọn ọmọ bí èkùrọ́ tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó má ṣe dán an wò, nítorí títẹ̀ líle lè ba oyún jẹ́. Ní ti abo tí a rà ní ọjà láìmọ ìtàn rẹ̀, kí a ṣe é bí aboyún títí oṣù kan yóò fi kọjá.

Ilé tí yóò gbé kò ní láti jẹ́ ti olówó. Pákó àti ọparun tó, bí ó bá ti gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, tí ó fẹ̀ ní méjì, tí ó sì ga ní ọ̀kan àtààbọ̀ sí méjì, tí a sì gbé e ró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin dé ìbàdí ènìyàn. Ọparun tí a là tàbí wáyà ni kí a fi ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ lè máa bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí a tẹ́ pákó pẹlẹbẹ sí apá kan, nítorí wáyà nìkan a máa dá egbò sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ooru ni ó burú jùlọ fún un. Ehoro kì í làágùn bí ènìyàn, etí rẹ̀ gígùn ni ooru ara rẹ̀ ń gbà jáde. Ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, nígbà tí páànù ń gbóná bí iná, aboyún ehoro tí a gbé sí abẹ́ páànù tí kò ní àjà lè kú ní ọ̀sán gangan, tòun ti ọmọ inú rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ni kí a gbé e sí, tàbí abẹ́ àtíbàbà tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò.

Ẹni tí ń gbé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò nílò kí a ṣàlàyé ìjàlọ fún un. Bí wọ́n bá dé ibi ìtẹ́ ehoro ní òru, kì í ku nǹkan kan di òwúrọ̀ bí kò ṣe irun. Ìyá lè fò, ó lè já wáyà, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lajú kò ní ibi tí yóò sá sí. Kí a ki ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé náà bọ inú agolo, kí a bu epo ọkọ̀ tí a ti lò sínú wọn, tàbí omi tí a da kẹrosíìnì díẹ̀ lé lórí. Kí a máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí omi a máa gbẹ, ewé tí ó bá sì bọ́ sínú agolo a di afárá fún ìjàlọ. Kí ẹ̀ka igi kankan má ṣe kan òrùlé rẹ̀. Eérú gbígbẹ tí a dà yí ilẹ̀ ká dára pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òjò kan ṣoṣo yóò gbé e lọ. Ní ti ejò, eku àti ológbò, wáyà tí ojú rẹ̀ kéré ni yóò dá wọn dúró.

Nínú ilé yìí ni a ó gbé àpótí ìtẹ́ sí, òun ni yóò dúró fún ihò tí abo náà ì bá gbẹ́. Kí ó gùn ní ínṣì 16, kí ó fẹ̀ ní ínṣì 10 sí 12, kí ó sì ga tó bẹ́ẹ̀. Kí iwájú rẹ̀ má ju ínṣì 6 lọ, kí ìyá lè fò wọlé, kí ọmọ má sì lè yí jáde. Kí a lu ihò kéékèèké díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ìtọ̀ lè jò. Kí a tẹ́ koríko gbígbẹ tí ó rọ̀ tàbí háhá àgbàdo tí a ya wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kí ó nípọn. Ìyẹ̀fun pákó láti ibi ẹ̀rọ ìlagi kò dára, a máa wọ ọmọ ní imú. Òwú àti àkísà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí fọ́nrán wọn a máa wé mọ́ ọmọ lọ́rùn tàbí lẹ́sẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ ni yóò fi irun àyà àti ti ikùn rẹ̀ parí ibùsùn náà. Kì í ṣe àìsàn ni ó mú un tu irun. Bí irun ti ń kúrò ni orí ọmú ń yọ síta fún àwọn ọmọ. Bí ó bá tu irun náà sí ibòmíràn, kí a kó o sínú àpótí. Àpótí tí a gbé wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àkókò kò ṣe àǹfààní, yóò ti sọ ọ́ di ilé ìyàgbẹ́ kí ọjọ́ ìbí tó pé.

Ní òru tàbí ní ìdájí ni ó sábà máa ń bímọ, kì í sì í ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Kò nílò agbẹ̀bí. Omi púpọ̀ àti ìdákẹ́jẹ́ ni ó nílò. Yóò jẹ ibi ọmọ fúnra rẹ̀, kí èyí má sì dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ ní wákàtí náà, tàbí tí ajá ń gbó mọ́ ọn, tàbí tí àwọn ọmọdé ń yin bángà ọdún lẹ́bàá ilé rẹ̀, ó lè jẹ ọmọ mọ́ ibi, tàbí kí ó fò sínú ìtẹ́ pẹ̀lú ìpayà kí ó sì tẹ̀ wọ́n pa. Abo tí ń bí àkọ́bí ni ó máa ń ṣe èyí jùlọ, kò sì yẹ kí a tìtorí ẹ̀ẹ̀kan dá a lẹ́bi. Bí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí omi kò sì wọ́n an, ìkòkò ọbẹ̀ ni ibi tí ó yẹ ẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tí ó ni í kì yóò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí akọ má ṣe sí nítòsí ní ọjọ́ náà, nítorí abo lè lóyún mìíràn ní ọjọ́ tí ó bímọ gan-an, ara rẹ̀ yóò sì máa bọ́ ọmọ ìta àti ọmọ inú pọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìbí ni kí a wo ìtẹ́, kí a má ṣe dúró di ọ̀la. Àwọn tí ń bẹ̀rù pé òórùn ọwọ́ ènìyàn yóò mú kí ìyá kọ ọmọ, ẹ̀rù wọn kò ní ìdí lọ́dọ̀ ehoro ilé tí ó mọ olówó rẹ̀. Síbẹ̀, kí a fọ ọwọ́, kí a fi ọwọ́ pa ara ìyá àti koríko ìtẹ́, kí a sì fún ìyá ní ewé tí ó fẹ́ràn kí ó lè gbé ojú kúrò. Kí a ka àwọn ọmọ, kí a kó òkú àti ìyókù ibi kúrò kí eṣinṣin àti ìjàlọ má bàa gbọ́ òórùn rẹ̀, kí a sì fi irun bò wọ́n padà. Ọmú mẹ́jọ ni ọ̀pọ̀ abo ní, nígbà mìíràn mẹ́wàá. Bí ọmọ bá pọ̀ ju ọmú lọ, àwọn alágbára yóò máa mu tiwọn àti ti àwọn aláìlera. Ẹni tí ó ní abo méjì tí ó bímọ láàárín ọjọ́ méjì sí ara wọn lè mú èyí tí ó pọ̀jù fún èkejì. Kí ó fi irun ìtẹ́ tuntun náà pa wọ́n lára, ìyá náà kì yóò sì mọ ìyàtọ̀. Nítorí èyí ni àwọn tí ó gbọ́n ṣe ń mú abo méjì lọ sọ́dọ̀ akọ ní ọjọ́ kan náà.

Báwo ni a ó ṣe wá mọ̀ pé àwọn ọmọ mu ọmú, nígbà tí a kò rí ìyá lórí wọn? Ikùn wọn ni yóò sọ. Ọmọ tí ó yó ní ikùn roboto, awọ ara rẹ̀ ń dán, ó sì dákẹ́ sínú irun. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, a tilẹ̀ lè rí funfun wàrà nínú ikùn rẹ̀ láti òde. Ọmọ tí ebi ń pa, awọ ara rẹ̀ hunjọ bí ti arúgbó, ikùn rẹ̀ wọlé, a sì máa ta jàù tí ó ń ké nígbà tí a bá ṣí irun kúrò lórí rẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí a wo èyí, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́, nítorí bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ikùn ọmọ tí ó yó pàápàá yóò ti fà sẹ́yìn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí olówó ehoro máa lo ojú lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí ó sì ká ọwọ́ kò ní ìyókù ọjọ́.

Òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn èròjà ní ilé ìdáná dára ju ojú lọ. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò ṣàì mọ ìwúlò òṣùwọ̀n. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní nǹkan bí ọdún 1957, ni Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí a máa wọn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tí a sì ń sàmì ìwọ̀n wọn sí orí káàdì tí ìyá ọmọ ń tọ́jú sílé; irú káàdì bẹ́ẹ̀ sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé. Ìdí rẹ̀ ni pé ìwọ̀n tí kò gòkè mọ́ ti ń kìlọ̀ kí àìsàn tó fojú hàn. Ọmọ ehoro ń wọn bí gráàmù 40 sí 60 ní ọjọ́ ìbí, nígbà tí ó bá sì pé ọ̀sẹ̀ kan, ó yẹ kí ó ti di ìlọ́po méjì. Kí a kó gbogbo wọn sínú abọ́ kan, kí a wọ̀n wọ́n pọ̀, kí a sì fi iye wọn pín in, kí ìtẹ́ má bàa wà ní ṣíṣí pẹ́.

Ehoro kì í fi ẹnu gbé ọmọ rẹ̀ padà sínú ìtẹ́ bí ológbò ti ń ṣe. Ọmọ tí kò bá tètè fi ọmú sílẹ̀ nígbà tí ìyá ń fò jáde, tí ó sì bọ́ sórí wáyà, ibẹ̀ ni yóò wà títí òtútù yóò fi pa á, pàápàá ní oṣù Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́ nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́. Kí a má ṣe yára gbé e sọnù. Ọmọ tí ó tutù bí òkúta, tí kò sì mira, ti jí lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí a fi í sí abẹ́ aṣọ mọ́ àyà, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ìgò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi aṣọ wé. Nígbà tí ara rẹ̀ bá ti móoru tí kò sì mira síbẹ̀ ni a tó lè sọ pé ó kú. Kí a má ṣe kán ohunkóhun sí i lẹ́nu kí ara rẹ̀ tó móoru.

Bí gbogbo ọmọ bá hunjọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìgbà yìí ni ọ̀ràn tó wà. Kí a kọ́kọ́ wo ọmú ìyá. Bí ó bá le, tí ó gbóná, tí ó sì pupa, àìsàn ọmú ni, dókítà ẹran ni kí a mú un tọ̀ lọ ní ọjọ́ náà. Bí ọmú bá dára, kí a gbé ìyá sínú àpótí, kí a fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú jẹ́jẹ́ lórí àwọn ọmọ, kí a máa pa á lórí, fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀méjì lójúmọ́ tó. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ abo yóò máa wọlé fúnra wọn. Bí ìyá bá kú, alágbàtọ́ ni ìrètí tí ó dára jùlọ, àní kí a tilẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìlú kejì wá a. Ẹni tí kò bá rí alágbàtọ́ lè gbìyànjú wàrà ewúrẹ́ tí kò ní omi nínú, kí ó móoru díẹ̀, kí a máa kán an ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sí ètè ọmọ tí a gbé orí rẹ̀ sókè. A kì í dá a délẹ̀ bọ́ bí ìkókó, nítorí wàrà yóò gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí a fi òwú tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pa á ní abẹ́ ikùn títí yóò fi tọ̀, nítorí kò lè tọ̀ fúnra rẹ̀. Díẹ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń yè.

Abo tí ń fún ọmọ lọ́mú lè mu omi tó lítà kan lójúmọ́, ní ẹ̀rùn a sì máa jù bẹ́ẹ̀. Àwo amọ̀ tí ó wúwo ni kí a lò, kí ó má bàa dà á nù. Ní ti ewé, yúnyun, ewé ànàmọ́, ewé ẹ̀pà, gbúre, tẹ̀tẹ̀ àti koríko eéran dára, bí a bá ti kó wọn sí ibòji kí wọ́n rọ díẹ̀ kí a tó fún un. Kí ìrì tàbí òjò má ṣe wà lára wọn. Àgbàdo díẹ̀, èérí àgbàdo tí a ti sá, àti èérún èkùrọ́ tí a ti fún òróró rẹ̀ yóò fi agbára kún un. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù ní oró. Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tí ó ti bu lè pa gbogbo ìdílé ehoro. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ní láti ṣọ́ra jù: koríko abẹ́ kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn sí kì í ṣe oúnjẹ ẹran, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ibi tí a fín oògùn apakoríko sí.

Bí a bá rí i tí ehoro tẹrí sí abẹ́ ara rẹ̀ tí ó sì ń jẹ ohun kan, ìgbẹ́ rírọ̀ tirẹ̀ ni ó ń gbà jẹ lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe ìwà èérí, ọ̀nà tí oúnjẹ rẹ̀ fi ń dà ni, bí màlúù ti ń jẹ àpọ̀jẹ. Ẹni tí ó bá dí i lọ́wọ́ yóò sọ ọ́ di aláìsàn. Àwọn tí ń ka Léfítíkù orí 11 mọ̀ pé a ka ehoro mọ́ àwọn tí ń jẹ àpọ̀jẹ níbẹ̀, tí a sì kà á léèwọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Àwọn ìjọ kan ń pa òfin náà mọ́ títí di òní. Àwọn mìíràn ń ka ìran tí Pétérù rí ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 10, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Ọ̀ràn náà kò dí ọmọdé lọ́wọ́ àtitọ́jú rẹ̀.

Irun yóò ti bo àwọn ọmọ kí ọ̀sẹ̀ kan tó kọjá púpọ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá sí ìkejìlá ni wọ́n ń lajú. Èyí tí ojú rẹ̀ bá lẹ̀ pọ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàlá, kí a fi omi tí a sè tí a sì jẹ́ kí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí, nù ún títí yóò fi là, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè fọ́. Kí a pààrọ̀ koríko ìtẹ́ tí ó bá tutù, ṣùgbọ́n kí a pa irun ìyá mọ́. Láti ọjọ́ kejìdínlógún ni wọn yóò ti máa jáde wá jẹ ewé lẹ́nu ìyá wọn.

Ìgbà yìí ni ọwọ́ àwọn ọmọdé kì í fẹ́ kúrò lára wọn. A kì í fi etí gbé ehoro, bí àwọn tí ń tà á ní ọjà tilẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, èkejì lábẹ́ ìdí, nítorí bí ó bá ta ìpá nígbà tí ìdí rẹ̀ ń mì lófuurufú, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lè kán. Kí ọmọdé fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn eré, nítorí làpálàpá àti ìfọ́n a máa ti ara ehoro ran ènìyàn. Bí èèpá bá dì sínú etí ehoro, tí ó sì ń gbọn orí, ìfọ́n etí ni. Kí a fi òróró rọ èèpá náà, kí a sì gba oògùn lọ́wọ́ dókítà ẹran. Ìgbẹ́ gbuuru lára ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ń pa kíákíá, ilẹ̀ tí ó tutù tí ó sì dọ̀tí ni ó sì sábà máa ń fà á. Ní ọdún 2020, àrùn kan tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà nínú ara ehoro wọ Ìpínlẹ̀ Kwara tí ó bá Ọ̀ṣun pààlà, ó sì pa ehoro púpọ̀. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kò bọ́gbọ́n mu kí a ra ehoro tuntun kí a sì fi í sí àárín ti tẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Kí ó dá gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí a sì máa bọ́ ọ kẹ́yìn.

Nígbà tí àwọn ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, ìyá ni kí a mú kúrò, kí àwọn ọmọ sì dúró sí ilé tí wọ́n mọ̀. Kí a dín oúnjẹ oníyẹ̀fun ìyá kù fún ọjọ́ mẹ́ta kí ọmú rẹ̀ lè gbẹ, kí a sì jẹ́ kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó tún rí akọ. Kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta, kí a ti ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Bí ọmọ ilé bá fẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà ni, kí ó sì fi ìdì ewé kan lé e lọ́wọ́, irú èyí tí ó ti ń jẹ nílé, kí inú rẹ̀ má bàa bàjẹ́ nítorí oúnjẹ tí ó yí padà lójijì.